Aago Tí Apá Ń Bọ́

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò tilẹ̀ kà á tán. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ aago ọwọ́, ta ló lè fọwọ́ lalẹ̀ fún mi ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó? Tèmi kì í jẹ bátìrì. Apá ni ó ń bọ́ ọ: bí mo bá ṣe ń ju apá, bẹ́ẹ̀ ni irin inú rẹ̀ ń ká ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò sì ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ló ṣe é nílé, bí ìyàwó tó lọ ata ọbẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí àkọ́bí wa obìnrin ń lọ sí Kánádà ni mo rà á. Ó ní abẹ́rẹ́ pupa kan tí wọ́n ń yí sí aago ìlú mìíràn. Mo yí i sí ti ọmọ mi. Bí mo bá jókòó síwájú ilé lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí ẹnìkan bá bi mí pé aago mélòó ló lù, tibí àti tọ̀hún ni mo máa ń sọ fún un, ì báà má bèèrè. Ìyàwó mi, tó ń ta léèsì ní Ìdúmọ̀tà, á ní aago ni mo gbé níyàwó.

Ni táífọ́ìdì bá dá mi dùbúlẹ̀. Mi ò lè gbé apá. Nígbà tí mo ṣíjú wò ó, abẹ́rẹ́ pupa ti dúró. Mo mọ̀ pé aago lásán ni, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni pé ọ̀nà ọ̀dọ̀ ọmọ ti dí. Omijé bọ́ lójú mi, èmi tí mi ò sunkún nígbà tí a sin bàbá mi.

Ìyàwó mi kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bọ́ aago náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n júwe bí wọ́n ṣe ń yí i, ó sì so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Léèsì tó ń wọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù, apá tó ń nà tó ń ká látàárọ̀, bọ́ ọ ju bí tèmi ti bọ́ ọ rí.

Ara mi yá, mo ní kó gbé e wá. Ó fa ọwọ́ aṣọ bò ó.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ń fi ṣe fáàrí. Èmi, tí mo bá ń wọn aṣọ, mo máa ń wò ó kí n mọ̀ bóyá ọmọ ti jẹun."

Ẹnikẹ́ni kì í gba nǹkan mi láìjà. Mo fi aago sílẹ̀ fún un.

Ní báyìí, iwájú ilé náà ni mo máa ń wà, tí mò ń retí kó ti ọjà dé. Kó tó bọ́ bàtà ni mo ti ń bi í pé, ọmọ ńkọ́? Á ká ọwọ́ aṣọ sókè, á gbé aago súnmọ́ ojú.

"Ó ṣì wà níbi iṣẹ́."

Èmi náà á tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, kó tó fa aṣọ bò ó.