Àga Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Àǹtí Abẹ́rẹ́

Bàálù balẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo méjìlá ọ̀sán lù. Àwọn èrò dìde, wọ́n fa báàgì wọn yọ, wọ́n ń ti ara wọn síwájú. Obìnrin kan ò dìde. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó forí ti fèrèsé ní ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n, ojú rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó ń wòta. Òṣìṣẹ́ inú bàálù kan kọjá, ó ní, "Mà, ẹ rọra jókòó, wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ yín bọ̀." Ó tún kọjá, ó tún sọ ọ́. Ìgbà kẹta ló tó fọwọ́ kàn án. Ara ti tutù.

Òkú ni wọ́n ń sọ fún pé kó rọra jókòó.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ là ń pè é ládùúgbò wa. Ọdún méjìlélógójì ló fi ránṣọ nínú yàrá kan ṣoṣo tó dojú kọ títì. Òun ló rán aṣọ tí a fi sin ìyá mi. Mo bá a níbi tó ti ń gán bọ́tìnnì méje síwájú aṣọ náà, mo ní, "Àǹtí, ta ló fẹ́ ṣí bọ́tìnnì wọ̀nyí?" Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Èèyàn ṣì ni wọ́n. Jẹ́ n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún èèyàn."

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, tí àwọn dókítà fi irin sí orúnkún òsì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ yẹn ò ká mọ́. Àwàdà ló fi í ṣe. Bó bá pàdé àgbà, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ má bínú, ẹsẹ̀ mi ti ya agbéraga. Kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló fẹ́ lọ wò lókè òkun. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn àbúrò òun kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọmọ bàbá náà obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Àǹtí máa bá lọ, ó fi ìwé dókítà tì í. Wọ́n fèsì. Èsì náà wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí: "A ti pa àga iwájú mọ́ fún yín, níbi tí ẹ ti lè na ẹsẹ̀."

Èmi ni mo fi kẹ̀kẹ́ aláìlera tì í dé iwájú káńtà ní pápákọ̀ òfuurufú. Akọ̀wé ibẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó ní àga ti yí padà, ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n ni, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo na lẹ́tà sí i. Kò gbà á.

"Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ bá àwọn tó wà nínú bàálù sọ̀rọ̀. Wọ́n á ṣètò ẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àǹtí Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ mi mú. "Má bá wọn jà nítorí mi. Wákàtí mẹ́sàn-án péré, ṣé ìyẹn ló máa pa mí?"

Mo dákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, kò sì jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá jókòó síbi tóóró, tí orúnkún mi kan nǹkan, màá gbọ́ ọ: ṣé ìyẹn ló máa pa mí?

Bíríkìlà kan ló jókòó tì í nínú bàálù. Ó wá mi wá fúnra rẹ̀, nítorí òun náà ò rí oorun sùn. Ó ní ńṣe ni wọ́n lọ́ ẹsẹ̀ náà gba ìsàlẹ̀ àga tòun kó tó lè wọlé. Ó ní ìgbà méjì ni màmá bẹ̀ wọ́n, ìgbà méjèèjì ni wọ́n ní bàálù kún. Bíríkìlà náà dìde lọ wo àga iwájú náà. Géńdé kan ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nà gbalaja, ó ń hanrun. Ó ní kí wọ́n jí i, kí wọ́n bá màmá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "A ò lè jí oníbàárà pàtàkì."

Ṣé ẹ gbọ́? Oorun ẹnìkan ṣe pàtàkì ju ẹ̀mí ẹnìkejì lọ.

Ó fi omi lọ màmá. Màmá mirí. "Bí mo bá mu ún, màá fẹ́ tọ̀. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, ta ló máa gbé mi?" Ní wákàtí keje, ó ní àyà ń dun òun, èémí ò sì já gaara. Òṣìṣẹ́ kan bu omi wá, ó ní kó gbìyànjú kó sùn. Dókítà tó yẹ òkú wò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ẹsẹ̀ tí wọ́n lọ́ náà, ló bá gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

Wákàtí mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi jókòó síbi tí wọ́n ti ń pàdé èrò, ọmọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, á béèrè pé, "Ṣé òun nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó wá bá wọn. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ kan gbé báàgì Àǹtí Abẹ́rẹ́ jáde pẹ̀lú ìwé kan. "Ẹ fọwọ́ sí i níbí pé ẹ ti gba ẹrù olóògbé." Báyìí ni bàbá náà ṣe gbọ́. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé títí dòní, bí ilẹ̀kùn ilé wọn bá dún, á yíjú síbẹ̀, á béèrè.

Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé ìbánikẹ́dùn. Wọ́n ní, "Arìnrìn-àjò náà ò fi ẹ̀sùn kankan sùn kí ọkọ̀ tó balẹ̀." Ẹni tó bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì ò fi ẹ̀sùn sùn, àbí? Àbí ẹ̀ ń retí kí òkú wá kọ fọ́ọ̀mù?

Wọ́n tún fi òdòdó tì í. Ẹ wá kó òdòdó yín. Kí àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ṣí àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò bàálù náà síta. Kí wọ́n fi hàn wá ẹni tó gba àga lọ́wọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ká, àti ọ̀gá tó ní kó ṣe é. Kí wọ́n sọ ọ́ di òfin pé àga tí a pa mọ́ fún aláìlera, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbà á, ì báà jẹ́ oníbàárà pàtàkì, ì báà jẹ́ ọba. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́rin sí àjọ náà. Kò sí èsì.

Kọ̀ǹpútà kì í dá pààrọ̀ àga. Ọwọ́ èèyàn ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ dárúkọ ẹni náà.