Fèrèsé Mẹ́tàdínlógún ní Sakété

Bí mo bá ti gbóòórùn eruku símẹ́ńtì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lé lórí, àyà mi á já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń lé mi. Òórùn ọ̀nà Pobè sí Sakété ni, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù láti ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Onigbolo ti ń da eruku sójú títì. Ẹni tó bá gbà á rí mọ ọ̀nà yẹn. Mo gbà á kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn ọlọ́kadà, mo gbá kọ̀ǹpútà mi mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ohun tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́ má tíì bà jẹ́ tán.

Mo ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún ilé ìwòsàn kékeré kan ní Sakété, tí wọn yóò fi máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Python ni mo fi kọ ọ́, nítorí pé ohun tó o bá fi èdè yẹn kọ lórí ẹ̀rọ kan máa ń ṣiṣẹ́ lórí òmíràn. Linux ló ń darí ẹ̀rọ tèmi ní Pobè, Windows ló ń darí tiwọn. Fèrèsé kan ni ètò náà ń ṣí sójú ẹ̀rọ: àyè orúkọ ọmọ, àyè orúkọ ìyá, ọjọ́ ìbí, àti bọ́tìnì aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí èèyàn máa tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó tọ́jú ohun tó kọ. Ojú ẹ̀rọ tèmi tó fẹ̀ ni mo wò tí mo fi gbé bọ́tìnì yẹn síbi tó wù mí. Mo tún wá gbéra ga. Mo sọ fún ìyá agbẹ̀bí tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, tí wọ́n dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ, pé kí wọ́n gbé ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí tì lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí ìyá agbẹ̀bí pè mí lórí fóònù. "Ọmọ mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, àmọ́ tí mo bá wo àkójọ, kò sórúkọ ẹnì kankan níbẹ̀ o."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí n bi wọ́n: ṣé ẹ tẹ bọ́tìnì? Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe bi ẹni tó gbẹ̀bí ìdajì àwọn ẹgbẹ́ mi bóyá ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe? Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá, mò ń bọ̀." Àkójọ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ sínú òtútù kí agogo mẹ́rin tó lù, torí iye orúkọ tí wọ́n bá rí ni iye abẹ́rẹ́ tí wọn yóò kó wá lọ́jọ́ kejì. Àwọn ìyá ọmọ ti mú káàdì wọn, níbi tí orúkọ àti ọjọ́ ìbí wà, padà sóko ní ìhà Aguidi. Bí orúkọ ò bá sí, wọn yóò fẹsẹ̀ rìn wá lọ́la, wọn yóò sì pọn ọmọ padà lásán. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Nígbà tí mo dé, iná ti lọ, àmì bátìrì ẹ̀rọ wọn sì ti pupa. Mo wo ojú ẹ̀rọ náà. Ó kéré ju tèmi lọ, fèrèsé mi sì gùn jù fún un, bọ́tìnì mi ti wọ ìsàlẹ̀ lọ síbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò lè dé.

"Ìyá, ẹ ò rí ohun àwọ̀ ewé tí mo wí?"

"Mo wá a títí. Mo rò pé o ti yọ ọ́ ni. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ, ṣé níwájú èrò ni kí n ti máa sọ pé kò pé?"

Ojú tì mí. Mo rọra béèrè bóyá wọ́n ti pa àwọn fèrèsé náà dé.

"Ká má rí i! Kí n tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí n kò mọ̀ bóyá ó ti wọlé? Tuntun ni mo ń ṣí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn."

Lóòótọ́, fèrèsé mẹ́tàdínlógún ló tò léra lórí ẹ̀rọ náà, ọmọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí bátìrì bá kú, gbogbo wọn lọ nìyẹn. Orí mi ò ṣiṣẹ́, àfi bí mo ṣe rántí kọ́kọ́rọ́ Tab lára pátákó ìtẹ̀wé, tó máa ń gbé èèyàn láti àyè kan sí èkejì, yálà ojú rí ibẹ̀ tàbí kò rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ títí tó fi dé orí bọ́tìnì tí kò hàn, mo wá tẹ kọ́kọ́rọ́ gígùn ìsàlẹ̀, èyí tó ń bá èèyàn tẹ bọ́tìnì. Orúkọ kan wọlé. Ìyá agbẹ̀bí ń pe orúkọ, èmi ń tẹ̀, òógùn ń já bọ́ lójú mi. Ó ku ẹyọ kan péré nígbà tí ẹ̀rọ náà kú.

"Ta ló kù?"

"Táyé ni," ni wọ́n dáhùn. Àwọn ìbejì ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀, àwa sì ti bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó dé kẹ́yìn. Ìyá agbẹ̀bí bú sẹ́rìn-ín. "Kẹ́hìndé ò rán an níṣẹ́ lónìí, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé!"

Inú fíláàṣì kékeré tí mo ti kì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ wọn tẹ́lẹ̀ ni ètò náà ń tọ́jú orúkọ sí. Mo yọ ọ́, mo fi sínú ẹ̀rọ tèmi, ètò kan náà ṣí, Kẹ́hìndé sì wà níbẹ̀. Orúkọ ìyá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà ni ti Táyé. Mo kọ Táyé tẹ̀ lé e, mo sì fi àkójọ náà ránṣẹ́ kó tó di agogo mẹ́rin.

Mo ti rò ó títí. Èmi bọ̀wọ̀ fún wọn, n kò béèrè; wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi, wọn ò sọ. Ọ̀wọ̀ wa méjèèjì ló fẹ́ẹ́ dá àwọn ọmọ yẹn padà sóko. Ní báyìí, ẹ̀rọ tójú rẹ̀ kéré jù lọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, tí màá sì jókòó sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ lò ó, àgbà ni o, ọmọdé ni o, tí màá bi í pé: kí lẹ̀ ń rí? Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi gún ọmọ kẹtàdínlógún lábẹ́rẹ́. Táyé ké débi pé Kẹ́hìndé náà gbè é. N kò gbọ́ igbe tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.