Yàrà Tí Bàbá Mi Rí ní Plainfield

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, ojú èmi gan-an ni mo fi rí gbogbo rẹ̀. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé mi ló tóbi jù ládùúgbò wa ní Plainfield nílùú òyìnbó níbí. Bí katapílà bá ń walẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òórùn ilẹ̀ tútù yẹn kì í jẹ́ kí n lè jókòó.

Oko àgbàdo ni ibẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi fi mọ́tò gbé èmi àti ìyá mi wá láti Uptown, níbi tí à ń gbé. Ó rí kòtò gígùn kan àti òkìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí koríko ti bò, ló bá pariwo:

"Ìyá Ràṣídì, yàrà rèé! Bí èyí tó yí ìlú wa ká gẹ́lẹ́. Ìlú ti wà níbí rí. Ibí la máa kọ́lé sí."

"Bàbá Ràṣídì, ta ló ń gbógun bọ̀? Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Èmi ń sáré gun òkìtì, mo ń yìnbọn fún ọ̀tá. Àgbẹ̀ òyìnbó kan wá bá wa, ó ní omi ló máa ń gba inú kòtò náà wá yí ọlọ àgbàdo àwọn ará àtijọ́.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ọlọ ni!"

Bàbá mi padà sínú kòtò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ níbẹ̀.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí ìyá mi fi padà sí ìlú wa láìmú wa dání ti wà nínú báàgì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Katapílà ti tẹ́ gbogbo ibẹ̀ pẹrẹsẹ. Ohun tó lọ ni kòtò kan, òkìtì kan, ìyá kan.