Ihò Tí Mo Dá Sí Ìjẹ̀bú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi ṣí àpótí aṣọ mi, òórùn káńfò sì gba gbogbo yàrá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dimú. Ṣùgbọ́n àyà tèmi já. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á fún yín.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì nílé ẹ̀kọ́ girama n'Ìjẹ̀bú-Òde, máàpù Nàìjíríà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ní. Aṣọ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ lẹ́yìn, ó sì ga jù mí lọ. Ọ̀gbẹ́ni Òdúkọ̀yà, olùkọ́ wa tó ń ti Odògbólú wá, a máa fi káńfò sáàárín rẹ̀ tó bá ká a tán, kí aáyán má baà jẹ orílẹ̀-èdè wa, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí. Púpọ̀ nínú wa kò tíì kọjá Ìmùṣin, ìlú tó wà nítòsí wa, rí. Ara aṣọ yẹn la ti mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn ń bẹ láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rán èmi àti Ràṣídà pé ká lọ gbé e wá láti yàrá àwọn olùkọ́, torí alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ràṣídà lọ̀rẹ́ mi, ọmọ oníṣòwò aṣọ; orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó. A kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, la bá tú máàpù sórí tábìlì, a ń wá ìlú wa. A rí Ìbàdàn. A rí Abẹ́òkúta, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Ìjẹ̀bú-Òde ò sí níbẹ̀! Ẹ sáà mọ bọ́rọ̀ àwa àtàwọn Ẹ̀gbá ṣe máa ń rí. Mo fa báírò yọ.

"Má ṣe é o," Ràṣídà wí.

Mo ti fi tẹ àmì síbi tó yẹ kí ìlú wa wà. Tàdáwà náà ràn bí epo tó kán sáṣọ. Mo fi itọ́ sí ìka, mo nù ún. Àwọ̀ rẹ̀ bó. Mo tún nù ún, aṣọ tó ti gbó lẹ́yìn rẹ̀ sì lu. Ihò náà tó hóró ẹ̀wà kan. Èmi tí mo fẹ́ fi ìlú mi sínú Nàìjíríà, mo ti yọ ọ́ kúrò pátápátá.

A ká máàpù náà, a gbé e lọ sí kíláàsì. Nígbà tí olùkọ́ fi máàpù náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ yọ láti ojú ihò náà.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mo ní kí n dìde, àmọ́ orí bẹ́ǹṣì ni mo tẹjú mọ́. Ó mú pàṣán, ó ní òun máa na gbogbo wa.

Ràṣídà dìde. "Èmi ni, sà."

Ẹgba mẹ́fà. Mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, síbẹ̀ n kò lanu. Ó padà wá jókòó tì mí, kò wò mí. Alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ kejì, kò tilẹ̀ bojú wo máàpù.

Nígbà tí táàmù parí, bàbá Ràṣídà kó wọn lọ sí Kàdúná. N kò tíì bẹ̀ ẹ́. Ni mo bá wọkọ̀ lọ sí Odògbólú. Mo bá olùkọ́ wa lẹ́yìn ilé, ó ń ro oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo lu máàpù náà."

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Nígbà tí mo bèèrè, gbogbo wọn ló ń wò mí, àfi ìwọ."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi na Ràṣídà, sà?"

Ó gbé ọkọ́ lélẹ̀. "Mo rò pé wàá dìde kí n tó na ẹgba kejì. Nígbà tí o ò dìde, ojú ń tì mí láti dáwọ́ dúró."

Lónìí, ìka kan lẹ fi ń tẹ fóònù tí Ìjẹ̀bú-Òde fi ń jáde, tòun ti àdúgbò rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń ni ọmọdé lára láti sọ pé "èmi ni", ó sì ń ni àgbà lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ti tẹ Kàdúná lọ́pọ̀ ìgbà. Mo rí ọjà wọn, mo rí afárá wọn, mo rí òrùlé lóríṣiríṣi. Èyí tó jẹ́ ti Ràṣídà nínú wọn ni n kò mọ̀.