Ọkọ Mi àti Ọkọ̀ Jámánì Rẹ̀ Lórí Yìnyín

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí Adégbénró, ọkọ mi, rí lára ọkọ̀ yẹn. Nígbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀gá ilé ìwé nìkan ló ní ọkọ̀ Jámánì, ojú lásán ni ọkọ tèmi fi ń jẹ ẹ́. Nígbà tí a wá dé Atlanta, tí owó ọkọ̀ wọlé, kò wo irú èyí tí gbogbo ará ìjọ ń gùn. Jámánì ló gbé wálé. Ọkọ̀ náà ti pé ọdún méjìlélógún báyìí, ó sì ń mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu ẹ̀kọ.

Ìgbà òtútù ni àṣírí rẹ̀ máa ń tú. Táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, ti iwájú kàn ń júwe ọ̀nà ni. Bí ilẹ̀ bá yọ̀ díẹ̀ báyìí, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣíwájú orí. Seth, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Tucker, ló kọ́ ọ pé kó máa di ẹrù sí búùtù kí ẹ̀yìn lè wúwo. Láti oṣù Kejìlá, àpò ìrẹsì wa méjèèjì ti kó kúrò ní kíṣìnnì. Bí mo bá fẹ́ se oúnjẹ, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni ọkọ mi ń ṣe ní Smyrna, nílé bàbá kan tó ń jẹ́ Eli. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, ẹ̀dọ̀fóró wọn sì ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ń lo iná ló ń fún wọn ní ọ́síjìn tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ, sílíńdà ni wọ́n á fi máa mí.

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kìíní, a jí rí i pé òjò ti rọ̀, ó sì ti di yìnyín lórí gbogbo nǹkan. Austell, ìlú tí à ń gbé lẹ́bàá Atlanta, ń dán yanran. Ní aago mẹ́jọ, Joanna, ọmọ bàbá Eli tó wà ní Texas, pè wá. Ó ń sunkún. Ó ní iná ti lọ nílé bàbá òun, sílíńdà tí wọ́n ń lò kò sì lè kọjá aago mọ́kànlá. Òmíràn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n, wọn kò lè ṣí i. Òun ti pe 911, wọ́n ní ìjàǹbá ti kún ojú ọ̀nà, kí òun ṣe sùúrù. Òun ti pe aládùúgbò méjì, kò sẹ́ni tó gbé fóònù.

“I'm coming,” ni ọkọ mi wí.

“Dádì Kóredé, ṣé ẹ ti wo ìta? Pẹ̀lú car yẹn?”

“Ta ló máa lọ tí mi ò bá lọ?” Ó ti ń wọ bàtà.

Mo ní a jọ ń lọ ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù sọ mí di opó.

Ó ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì iwájú, ó sì lọ sí ti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo ti hu ìwà tí ojú ń tì mí títí dòní. Nínú ìjọ wa, ní oṣù Kìíní, pásítọ̀ máa ń ta òróró sí ọkọ̀ gbogbo wa, ìka kan ṣoṣo, àgbélébùú kékeré. Ìgò irú òróró bẹ́ẹ̀ kan wà nínú báàgì mi. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n rántí ìka kan. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo dà á sí, mo sì fi pa gíláàsì iwájú láti òkè délẹ̀, mo ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù.

A jáde ní géètì. Ìdí ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ọkọ mi rọra ń yí sítíárì bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Ó ń fi imú kọ orin ìjọ. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ya ẹnu láti sọ pé ká padà, mo tún pa á dé. Ṣé èmi ni màá wá jẹ́ ojo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kọrin?

Bíi máìlì mẹ́wàá ló wà láàárín Austell àti Smyrna, ó sì gbà wá ju wákàtí kan lọ. A kọjá ọkọ̀ ńlá kan tó dùbúlẹ̀ sí kòtò, mo sì tún ya ẹnu láti ní ká padà, ọ̀rọ̀ kò jáde. Bí a ṣe wọ Smyrna ni òjò yìnyín bẹ̀rẹ̀ padà. Ọkọ mi tan wáípà.

Wáípà gbá òróró yẹn káàkiri, gíláàsì funfun bí omi ògì. A kò rí ọ̀nà, a kò rí afárá tó wà níwájú.

“Jésù!” Ó sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kalẹ̀, ó yọ orí síta, yìnyín ń gbá a lójú. Ó fẹsẹ̀ kan bíréèkì, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ìdí ọkọ̀ yí. Mo rí irin afárá tó ń bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ mi, mo rí omi nísàlẹ̀, mo pariwo orúkọ ìyá mi. A yípo tán, a dúró, a kọjú sí ibi tí a ti wá.

Ọkọ mi na ọwọ́ síta, ó fi ìka kan gíláàsì, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Òróró?”

“Èmi ni,” ni mo wí. “Ẹ jọ̀ọ́.”

Ó wò mí títí. “Mummy Kóredé, àwọn áńgẹ́lì lè rí ọ̀nà nínú òróró. Èmi ò lè rí i.” Ó ṣílẹ̀kùn. “Jẹ́ ká rìn.”

Máìlì kan ló kù. A di ara wa mú, a ṣubú, a dìde. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo ṣubú, mo tún ya ẹnu láti sọ pé ká padà, èémí kò jẹ́.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ la wọlé. Bàbá Eli wà lórí àga, ètè wọn ti dúdú, abẹ́rẹ́ tó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ hàn lára sílíńdà ti wà nínú pupa. Ọkọ mi kò bọ́ kóòtù. Ó gbé sílíńdà tuntun, ó yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì dún ṣíì. A dúró. Ìgbà tó yá, àwọ̀ padà sí ètè bàbá náà. Wọ́n di apá kóòtù ọkọ mi mú, wọn kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Nígbà tí bàbá sùn lọ, ọkọ mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀rù bà mí,” ni ó wí. “Láti géètì wa ni mo ti fẹ́ padà. Ojú ẹ ni mo ń wò. Mo ní tí o bá lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré pé ká padà, màá yí mọ́tò padà, màá sì sọ fún Joanna pé ọ̀nà ò ṣeé gbà. O ò sọ ọ́. Ọlọ́run á bù kún ẹ.”

Mo gbọ́ tí bàbá Eli ń mí nínú yàrá. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mi ò sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya ẹnu láti sọ ọ́.