Kòròfo Ọta Mọ́kànlá

Ní gbogbo agbègbè Ìrẹsà, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ní irú ìbọn yẹn. Òyìnbó kan tí bàbá wa ń se oúnjẹ fún nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ló fún bàbá kó tó padà sílùú rẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi jogún ìbọn, èmi jogún kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ yòókù ń gbé. Ọta onídẹ ló ń jẹ, ọta náà sì ṣàjèjì débi pé kò sẹ́ni tó ń tà á, ì báà ṣe Ìbàdàn tàbí Èkó.

Àsìkò tí gbogbo ìlú ń pariwo Sáàpù ni, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ. Ìmàdò ń hú iṣu àwọn àgbẹ̀ nínú ebè lóko, ìbọn yìí nìkan ló sì lè bá a lókèèrè. Kòròfo ọta tó kù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ mọ́kànlá. Tó bá ti yìn wọ́n tán, á ṣà wọ́n padà, á rọ ẹ̀tù tuntun sí wọn, á fi òjé dé wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń yin idẹ tó ló ń nà. Ẹnu wọn ti gùn jù, wọn kò wọ ìbọn dáadáa mọ́. Ó fi ayùn irin gbo díẹ̀ nínú wọn, ó wọ́.

Bó ṣe di wọ́n sínú áńkáṣífì nìyẹn, tó wọ bọ́ọ̀sì wá bá mi ní Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe.

"Ṣé o lè gé ẹnu wọn kó dọ́gba?"

"Bí mo bá rí ohun tí màá fi gé e, ẹ̀gbọ́n."

Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan nínú àpò. Ọwọ́ kan la fi ń yí i. Abẹ kékeré ń jẹ ẹnu kòròfo, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń wọ inú rẹ̀ kó má baà mì. Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù irin.

"Maàlámù náà ò mọ ohun tó ń tà," ó ní. "Ó ní bóyá ata ni wọ́n fi ń lọ̀."

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọta mìíràn ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún. Ọ̀pá rẹ̀ tóbi ju ẹnu kòròfo wa lọ, ìdí kòròfo sì ń ṣeré nínú ibi tó yẹ kó jókòó sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà. Mo yọ ọ̀pá tiẹ̀ dànù, mo fi irin tó ń gbé abẹ́rẹ́ lára ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ti kú rọ́pò rẹ̀, mo gbo ó títí ó fi wọlé wẹ́rẹ́. Mo fi òrùka idẹ dí ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo gé àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín. Kò yìn mí rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi, àfi ọjọ́ yẹn.

"Ọwọ́ rẹ ò ní gbẹ," ó ní.

Ó bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láti ṣàlùwàlá. Èmi ń gé ìkẹsàn-án lọ́wọ́. Bí mo ṣe gbé e sókè sínú oòrùn, mo rí ìlà kan nítòsí ìdí rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Mo fi èékánná fà á, èékánná mi há síbẹ̀. Ó ti sán.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n yọ ọ́ sọ́tọ̀, torí kòròfo tó bá ti sán lè bú mọ́ ẹni tó ń yìnbọn lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí ni, mo sì bẹ̀rù pé á ní ẹ̀rọ mi ló sán an. Mo nù ún mọ́, mo dà á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, awakọ̀ kan ya ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n máa bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbọn ti fọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lójú. Nígbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n ti yọ ojú ọ̀tún. Ojú tó kù ń wò mí láti inú báńdéèjì.

"Ìbọn náà ti gbó," ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i. "Àfọwọ́fà mi ni."

Ìyàwó rẹ̀ pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni.

"Bọ̀dá Ọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti tún àwọn ọta yẹn ṣe. Ṣé ẹ ò rí nǹkankan lára wọn?"

"Rárá," mo ní. "N kò rí nǹkankan."

Ó wò mí pẹ́, ó sì wọlé padà.

N kò lè sùn dáadáa títí wọ́n fi wa iṣu lọ́dún yẹn. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lóko, ó ń so iṣu mọ́ra nínú abà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dáwọ́ dúró.

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Nígbà tí ẹ ń ṣàlùwàlá."

Ó so iṣu mẹ́ta sí i.

"Ó yẹ kí èmi náà wò wọ́n kí n tó rọ ẹ̀tù sí wọn. Má sọ fún ìyàwó mi. Ó ń wá ẹni tí yóò bínú sí."

Kò bú mi, kò sì ní òun dárí jì mí. Bí ọdún iléyá bá dé, a jọ ń jẹun nínú àwo kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ bàjẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n gbé e fún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ náà nígbà tí mo lọ kí wọn. Ẹni náà kò tún un ṣe dáadáa, òwú ń já léraléra, obìnrin náà sì ń fi í bọ ojú abẹ́rẹ́ padà. Mo jókòó sítòsí rẹ̀ títí ó fi rán aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Kò ní kí n bá òun wò ó, èmi náà kò sì lè ní kó jẹ́ kí n wò ó.