Bọ́nẹ́ẹ̀tì Bàbá Juliet

Alágídí ni Bàbá Juliet, mo sì máa ń sọ ọ́ lójú ara rẹ̀. Philemon Mákánjúọlá lorúkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwa méjèèjì la jọ ń wọ aṣọ funfun nínú ìjọ kan náà ní Ìkọ̀yà. Láti ìgbà tí Dora ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá, òun nìkan ló ń gbé ilé oníyàrá márùn-ún. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun máa ń tan rédíò sílẹ̀ nínú yàrá tí òun kò sí, kí ilé má baà dákẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun.

Nígbà tí Juliet, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bímọ sí ọsibítù l'Ókìtìpupa, ìyá ọkọ rẹ̀ láti Akotogbo ní òun ni yóò tọ́jú ìyá àti ọmọ fún ogójì ọjọ́. Juliet ní rárá, ilé bàbá òun lòun ń lọ. Wọ́n wá fẹnu kò pé bí Philemon bá fi ọkọ̀ rẹ̀ dé kó tó di aago méjìlá ọ̀sán lọ́jọ́ tí ọsibítù bá dá wọn sílẹ̀, Ìkọ̀yà ni ọmọ ń bọ̀. Inú ọkùnrin yìí dùn! Ó ra bàsíà tuntun, ọṣẹ dúdú àti òrí, ó sì bẹ èmi Charity pé kí n máa wá wẹ ọmọ láàárọ̀.

Ọkọ̀ náà ti gbó. Radiétọ̀ rẹ̀ ń jò, kò lè jáde láìjẹ́ pé ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó rọ omi sí i. Nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í le, Oyèkànmí mẹkáníìkì ní kó ra gírísì.

"Kí ni mo fẹ́ fi gírísì ṣe nígbà tí epo pupa wà nílé?"

Epo tí Dora fún gbẹ̀yìn ní ẹkù ló bù sí i. Ọyẹ́ dé, epo dì gbagidi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó fa ìdìmú tó wà lábẹ́ sitíárì, kò mì. Ó fi ìbínú fà á, wáyà já, ìdìmú bọ́ sí i lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ẹni méjì ló kù: kí ẹnì kan tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ níwájú, kí ẹnì kejì fi ẹ̀mú fa ìdí wáyà nínú ọkọ̀. Dora ló máa ń bá a tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí, ṣùgbọ́n Oyèkànmí ti lọ sí Ode-Irele, àwọn aládùúgbò sì ti lọ sóko. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò ṣeé gbé sórí ọ̀kadà nínú ọyẹ́. Nọ́ńbà mi wà lórí fóònù rẹ̀, kò pè mí. Juliet pè é láago mẹ́sàn-án, Philemon ní, "Mo ti wà lọ́nà." Láago mọ́kànlá, ó ní, "Mo ti fẹ́ẹ̀ dé." Alágídí ni mo pè é, ó tún ń purọ́!

Ó se omi, ó dà á sí ihò imú ọkọ̀ kí epo lè yọ́. Ó fa wáyà, ó sáré lọ tẹ iwájú, ó sáré padà, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó gbé ọlọ láti ilé ìdáná lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó padà sínú ọkọ̀, ó fi ẹ̀mú fà á. Ó ṣí. Ó ní òun ti pariwo "Dora, ó ti ṣí!" kí òun tó mọ ohun tí òun ń sọ.

Aago méjìlá ààbọ̀ ni mo dé pẹ̀lú kànìnkànìn mi. Omi ti wà nínú radiétọ̀. Ọkùnrin náà dúró ti ọkọ̀, fóònù wà létí rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn Juliet.

"Dádì, ẹ ní ẹ ti wà lọ́nà. A dúró títí. A ti ń bá ìyá ọkọ mi lọ sí Akotogbo, a ti dé Ode-Irele báyìí."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo rò pé yóò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wáyà fún un, kò ṣàlàyé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ọyẹ́ ti pọ̀ jù níbí fún ọmọ tuntun. Ṣé ó jí?"

"Ó jí. Ó ń sunkún."

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn."

Mo gbọ́ igbe ọmọ náà láti ibi tí mo dúró sí. Philemon ń dá a lóhùn, "Mo ń gbọ́ ẹ. Mo ń gbọ́ ẹ o." Nẹ́tíwọ̀kì lọ. Kò gbé fóònù kúrò létí.